Bọ́ọ̀sì 78 àti Ẹsẹ̀ Mi Méjèèjì

Peckham,
Ìlú London.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Inú mi dùn gan-an láti gbọ́ pé ara rẹ ti yá, pé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà, àti pé ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tí o ti ń retí ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ márùn-ún tí o fẹ́ lò lọ́dọ̀ mi nínú oṣù Kẹrin kéré lójú mi, ṣùgbọ́n a ó fi ọgbọ́n lò ó. Mo ka orúkọ ibi mẹ́rìnlá tí o kọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà náà, láti ààfin Buckingham dé London Eye, mo sì rẹ́rìn-ín, nítorí o bi mí pé èwo ni ó dára jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé ìlú yìí, mẹ́rin péré ni mo tíì dé.

Má rò pé ọ̀lẹ ni mí. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo dé, kò sí ọjọ́ ìsinmi tí n kì í jáde: mo máa ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan, mo máa ń yọ ní òmíràn, mo máa ń ya fọ́tò, mo sì máa ń padà wọ abẹ́ ilẹ̀ náà lọ. London tí mo mọ̀ nígbà náà dà bí erékùṣù kéékèèké tí òkùnkùn yí ká; mo mọ ibi tí ọkọ̀ ń já mi sí, n kò mọ ohun tí ó wà láàárín ibì kan sí ìkejì. Àwọn àgbà tí wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ohun tí ó là mí lójú jẹ́ ohun ìtìjú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo ń sọ ọ́ fún. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Leicester Square, mo ń lọ sí Covent Garden, nítorí pé lórí àwòrán ọ̀nà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ibùdó méjèèjì jìnnà síra bí àwọn yòókù ṣe jìnnà síra. N kò tíì rí ọwọ́ dì mú dáadáa nínú ọkọ̀ náà tí a fi dé. Èrò pọ̀ níwájú ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, mo bá ní kí n gba orí àtẹ̀gùn, n kò sì ka ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ìgbésẹ̀ 193 ni. Nígbà tí mo máa fi dé òkè, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ. Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ ọ́ fún ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ibùdó méjèèjì kò ju nǹkan bí 260 mítà lọ síra, pé kò sí méjì tí wọ́n súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo abẹ́ ilẹ̀ London, àti pé bí mo bá rìn ín ni, ǹ bá ti dé kí ọkọ̀ náà tó ṣílẹ̀kùn.

Àwòrán ọ̀nà yẹn ni ó tàn mí. Harry Beck ni ó yà á ní ọdún 1931, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún aráyé ní ọdún 1933. Ó fa gbogbo ọ̀nà ní ìlà tó gún gbọọrọ, ó fẹ àárín ìlú lójú kí orúkọ ibùdó lè hàn, ó sì sún àwọn ìgbèríko mọ́ra. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni fún ẹni tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí kò nílò ju kí ó mọ ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í mọ ìlú yóò gun àtẹ̀gùn bíi tèmi.

Láti ọjọ́ náà, àfi bí mo bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ ni mo tó ń wọ abẹ́ ilẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mo mú lọ́rẹ̀ẹ́, pàápàá jù lọ bọ́ọ̀sì 78, tí ó ń gbéra láti Nunhead, tí ó ń gba Peckham wa yìí àti Bermondsey kọjá, tí ó ń gun Tower Bridge, tí ó ń gba Aldgate, tí ó sì ń parí ìrìn rẹ̀ ní Shoreditch. Ìjókòó iwájú pátápátá ní àjà òkè ni kí o máa lé bí ọmọdé, kí ojú má tì ọ́. Láti ibẹ̀ ni wàá ti máa rí ohun tí ẹni tó wà nílẹ̀ kì í rí: yàrá tí télọ̀ ti ń rán aṣọ, ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà lórí ilé ìtajà fóònù, àti ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, tí wọ́n gbẹ́ sí iwájú rẹ̀ lókè níbi tí pátákó ìpolówó kò dé. Gbogbo òpópónà tí mo rò pé mo mọ̀ ni mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nígbà tí mo gòkè.

Mo ní láti sọ ti owó fún ọ, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Bọ́ọ̀sì kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ níhìn-ín láti ọdún 2014. Káàdì báńkì tàbí fóònù ni wàá fi kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. £1.75 ni wọ́n ń yọ ní ọdún 2025 tí mo ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí o kọ́kọ́ fi káàdì náà kan ẹ̀rọ, iye bọ́ọ̀sì yòówù tí o bá tún wọ̀, wọn kò ní yọ owó mìíràn. Ronú sí i. Bí ohun kan bá wù ọ́ lójú fèrèsé, sọ̀ kalẹ̀, wò ó, kí o wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá wọ èyí tí kì í ṣe tìrẹ, ìwọ kò pàdánù nǹkan kan. Èmi tí mo máa ń bẹ̀rù àtiṣìnà tẹ́lẹ̀, mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà nísinsìnyí. Bí o bá sì ṣìnà tán, má tíì yọ fóònù. Wá pátákó dúdú gíga tí àwòrán àdúgbò wà lára rẹ̀: wọ́n yí àwòrán náà sí apá ibi tí ìwọ tó ń wò ó kọjú sí, wọ́n sì fa òbìrí sí i láti fi ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé ọ dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún hàn.

Afárá tí o pè ní London Bridge nínú lẹ́tà rẹ, tí o ní ìyàwó rẹ fẹ́ kí o ya fọ́tò rẹ̀ bọ̀, Tower Bridge ni. Gbogbo ayé ní ń ṣi orúkọ náà pè, má bínú. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Bàbá àgbàlagbà kan tí a jọ jókòó lórí bọ́ọ̀sì 78 ni ó sọ ìtàn rẹ̀ kan fún mi bí a ṣe ń gùn ún lọ. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1952, bọ́ọ̀sì 78 kan wà lórí afárá náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í là sí méjì kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Awakọ̀ rẹ̀, Albert Gunter, rí i pé títì ń já kúrò níwájú òun. Kò sí àyè àtidúró, ó bá tẹná mọ́ ọn, bọ́ọ̀sì alájà méjì náà sì fò kọjá àlàfo náà pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀, ó balẹ̀ sí apá àríwá tí kò tíì gbéra, tí ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà rẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. £10 ni wọ́n fi ta awakọ̀ náà lọ́rẹ, bàbá náà sì ń bínú sí iye yẹn títí di ọjọ́ tí ó ń sọ ọ́ fún mi. Kò sí ìwé atọ́nà tí mo rà tí ó sọ èyí fún mi.

Àwọn tí mo rò pé wọ́n mọ ìlú yìí jù lọ ni àwọn awakọ̀ takisí dúdú. Kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé àṣẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Knowledge, tí ó ti wà láti ọdún 1865. Nǹkan bí ọ̀nà 25,000 ló wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́, ní máìlì mẹ́fà yípo Charing Cross tó wà láàárín ìlú, ó sì sábà máa ń gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí o bá dé, wàá rí àwọn tó ṣì ń kọ́ ọ lórí alùpùpù kékeré, tí àwòrán ọ̀nà wà lórí pátákó níwájú wọn, nínú òjò, nínú òtútù. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ẹ̀kọ́ wọn ni pé wọn kì í ka orúkọ ibi sórí lásán. Ìrìn 320 ni wọ́n fi ń kọ́ ìlú náà: láti ibí dé ibẹ̀, yà sí òsì, yà sí ọ̀tún, kí ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ni ó wà ní òpin.

Ìrìn àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn ni láti ibùdó Manor House dé Gibson Square. Mo pinnu láti fi ẹsẹ̀ rìn ín ní ọjọ́ Àìkú kan, láìjẹ́ pé mo ní ohunkóhun láti ṣe níbẹ̀. Mo gba Green Lanes, mo yà sí Blackstock Road, mo gba Highbury kọjá, mo ń dúró wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí yóò jókòó ìdánwò lọ́la. Nígbà tí mo dé Gibson Square, mo bá ọgbà kékeré kan láàárín àwọn ilé àtijọ́, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ilé kékeré kan sì dúró nínú ọgbà náà bí ilé òrìṣà àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́. Mo yí i ká, n kò rí ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọlé jọ́sìn. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé ihò tí abẹ́ ilẹ̀ fi ń mí ni: ọkọ̀ ojú irin Victoria Line ń sáré kọjá nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń gba inú ilé náà jáde. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò fẹ́ ilé gogoro burúkú tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ni wọ́n bá kọ́ eléyìí fún wọn. Mo jókòó sórí àga ọgbà náà fún ìgbà pípẹ́. Mo ti gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá bóyá ní igba ìgbà, n kò mọ̀ pé orí ọgbà àwọn ènìyàn ni mo ń mí sí.

Ní ti British Museum tí o yan ọjọ́ kan gbáko fún, n kò bá ọ fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti National Gallery àti Tate Modern, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dandan wo gbogbo rẹ̀ tán títí ẹsẹ̀ yóò fi wú. Àwa tí a wà níhìn-ín máa ń yà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a wo ohun kan ṣoṣo, kí a sì jáde. Orí ọba Ifẹ̀ tí wọ́n fi idẹ rọ, èyí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, ni èmi máa ń lọ wò. N kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo máa ń kí i, mo sì máa ń lọ.

Ní òwúrọ̀ Àìkú, a ó lọ sí agbègbè àwọn báńkì, nígbà tí òṣìṣẹ́ kò sí níbẹ̀ tí ìró bàtà wa nìkan yóò máa dún. Ilé ìjọsìn St Dunstan-in-the-East wà níbẹ̀. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ ní ọdún 1941, wọn kò tún un kọ́, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà, igi sì ń yọ lójú fèrèsé rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó lọ sí Greenwich, kí a fi ẹsẹ̀ gba abẹ́ odò Thames kọjá nínú ihò tí wọ́n ṣí ní ọdún 1902 fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Kò sí ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, mú mẹ́ta péré nínú mẹ́rìnlá yẹn, kí o sì kọ wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí oṣù Kẹta tó parí, kí n lè mọ bí n ó ṣe tò ó. Tower Bridge kò sí lára mẹ́ta náà, nítorí pé bọ́ọ̀sì wa ni yóò gbé wa kọjá lórí rẹ̀. Bàtà tí ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀ ni kí o wọ̀ bọ̀, má ra tuntun. Bí a bá wà lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn, apá ọ̀tún ni kí o dúró sí, nítorí àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ló ni apá òsì, ojú wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì sọ fún un pé n ó ya fọ́tò náà láti ìjókòó iwájú ní àjà òkè.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ará Peckham.