Ọ̀pá ìrìn tí o fẹ́ rà fún Bàbá

Bódìjà, Ìbàdàn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ará ilé. Bàbá ń gbádùn, a dúpẹ́. Inú mi dùn pé o ronú kan ọ̀pá ìrìn méjì yẹn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì tì rìn, tí wọ́n ń pè ní Nordic walking. Ilé ìwòsàn ọkàn tó wà ní Ottawa, ní Kánádà níbẹ̀ yẹn, náà ti dán an wò: ìwádìí wọn tó jáde ní 2022 pín aláìsàn ọkàn 130 sí eré ìdárayá mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn ni agbára ìrìn wọn sì lọ sókè jù.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án títí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún wọn yóò fi ní ó yá. Egungun àárín àyà tí wọ́n là lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 12 kó tó jinná, àyà àti èjìká ni a sì fi ń ti ọ̀pá yìí. Ìrìn lásán láìlo ọ̀pá ti tó wọn ná.

Tí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, fi 0.68 sọ gíga wọn di púpọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 170 ni Bàbá, 115 ni kí o rà. Èyí tó bá gùn jù á máa gbé èjìká sókè, ọrùn á sì máa ro wọ́n. Má ra ọ̀pá àwọn tó ń gun òkè. Èyí tí okùn rẹ̀ ń wọ ọwọ́ bí ìbọ̀wọ́ ni kí o mú. Ra rọ́bà ìdí rẹ̀ sí i, nítorí ọ̀dà títì máa ń jẹ ẹ́, irin lásán sì ń yọ̀ lórí ọ̀dà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe ni pé wọ́n ń gún un síwájú bí ọ̀pá arúgbó. Ẹ̀yìn ni a ń tì í sí. Lákọ̀ọ́kọ́, kí Bàbá kàn máa wọ́ ọ nílẹ̀, kí apá máa fì fúnra rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì. Tó bá ti mọ́ wọn lára, kí ìdí ọ̀pá máa kanlẹ̀ lẹ́yìn gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú, kí wọ́n tì í títí ọwọ́ á fi kọjá ìbàdí, kí wọ́n wá la ìka. Okùn á gbé e padà. Ẹni tó bá dì í mú pinpin, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga, ohun tí a sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Ìṣẹ́jú 5 jẹ́jẹ́, 10 kánkán díẹ̀, 5 jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tí ara bá gbà á, kí wọ́n máa fi 5 kún ti àárín títí á fi di 30. Kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé kíka ìlù ọkàn, nítorí oògùn ọkàn bisoprolol tí wọ́n ń lò ń fà á sẹ́yìn. Tí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọrin, ó ṣe wẹ́kú. Tí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí òòyì ń kọ́ wọn, kí wọ́n jókòó lójú ẹsẹ̀; bí ìrora náà ò bá fi wọ́n sílẹ̀, ilé ìwòsàn UCH ni kí a gbé wọn lọ.

Àárọ̀ kùtù ló dáa, lójú títì tó tẹ́jú nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Òkè Mápó àti Òkè Ààrẹ ṣì ga jù fún wọn. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá pọ̀, kí wọ́n rìn nínú ilé.

Fi ọ̀pá náà ránṣẹ́ ní méjì-méjì, kì í ṣe ẹyọ kan.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ