Ẹ̀sùn lórí Ẹ̀dà 2.4.2: Ẹ Sọ Náírà Di Kọ́bọ̀ Láìsọ fún Wa

Ẹrẹ́jà,
Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ra ẹ̀yà sọ́fítíwíà yín tó ń ṣírò owó ọjà. Mo so ó pọ̀ mọ́ èyí tó ń tẹ rìsíìtì àti èyí tó ń ka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, mo fi ṣe ètò ìtajà fún àwọn aláṣọ níbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ìyá kan pè mí láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ta ańkárá ₦12,000, rìsíìtì gbé ₦1,200,000 jáde. Oníbàárà náà bínú lọ, ó ní wọ́n fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Ìlú òṣómàáló ni Iléṣà lóòótọ́, àwọn baba wa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi wọlé, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n tà á náà ni wọ́n ń béèrè.

Mo tú u wò. Ní 2.4.1, náírà ni ẹ̀yà yín ń dá padà, ní 2.4.2, kọ́bọ̀ ni. Èmi ò bá kọ́bọ̀ jà o. Odidi kọ́bọ̀ dára láti fi ṣírò, torí kọ̀ǹpútà kì í sábà lè tọ́jú 0.1 pé pérépéré. Nọ́ńbà tí ẹ fún ẹ̀dà tuntun náà ló ń bí mi nínú. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà yín pé Semantic Versioning, ìlànà fífún ẹ̀dà sọ́fítíwíà ní nọ́ńbà, lẹ ń tẹ̀ lé. Níbẹ̀, nọ́ńbà kẹta wà fún àtúnṣe àṣìṣe, ti àárín fún àfikún tí kò ba ti àtẹ̀yìnwá jẹ́. Ohun tó bá máa da iṣẹ́ ẹni tó ń lò ó rú, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí ètò mi fi ń gba àtúnṣe onínọ́ńbà kẹta fúnra rẹ̀. Ká ní ẹ pè é ní 3.0.0 ni, ì bá dúró dè mí.

Ẹni tó gbé fóònù yín ní kí n lọ ka kóòdù yín. Bí mo bá ní láti kà á kí n tó lò ó, kí ni mo wá rà? Láti ọdún 1972 ni David Parnas, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti kọ ọ́ pé kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi ìpinnu tó lè yí padà pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ẹ máa lo kọ́bọ̀ yín nínú lọ́hùn-ún. Náírà la jọ ṣàdéhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ yọ 2.4.2 kúrò níta lónìí, kí ẹ gbé 2.4.3 jáde pẹ̀lú náírà. Kí ẹ sì kọ̀wé sí ìyá aláṣọ yẹn, lédè Yorùbá, pé ẹ̀bi yín ni. Oníbàárà rẹ̀ ò tíì padà wá.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Iléṣà.