Lẹ́tà sí Bísí: Odi Dunstanburgh àti ẹja yíyan Craster

Newcastle, Ìlú Ọba

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Àmọ́ ohun tí mo rí létí òkun níhìn-ín, ìwọ àti Màmá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ilé olódi àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dunstanburgh, ní Northumberland, ni a lọ wò. Abúlé Craster ni bọ́ọ̀sì já wa sí. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń fi rìn ín, ó lé díẹ̀ ní máìlì kan: òkun lọ́wọ́ ọ̀tún, pápá lọ́wọ́ òsì, àwọn àgùntàn ń jẹko láìbìkítà fún ẹni tó ń kọjá. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré o! Mo so ìborùn mọ́ orí pinpin, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kó gbé e lọ.

Thomas, ìjòyè Lancaster, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1313. Bàbá rẹ̀ ni àbúrò bàbá Edward Kejì, ọba England nígbà náà, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Àárín òun àti ọba kò gún rárá. Lọ́dún tó ṣáájú ni òun àti àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ rẹ̀ pa Piers Gaveston, ààyò ọba, o sì mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán nílẹ̀. Ló bá lọ mọ odi sórí àpáta dúdú létí òkun, odi tó gba nǹkan bí éékà 11, ó wá gbé ilé ìṣọ́ ràbàtà méjì sí ọ̀tún àti òsì ẹnu ọ̀nà. Lójú tèmi, ìgbéraga ló kọ́ ilé yẹn ju ìbẹ̀rù ogun lọ. Ní 1322, ọwọ́ ọba tẹ̀ ẹ́ lójú ogun ní Boroughbridge, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní Pontefract. John of Gaunt, ọmọ ọba Edward Kẹta, tún ilé náà ṣe nígbà tó yá, ogun tí àwọn ọmọ ọba ń bá ara wọn jà lẹ́yìn ìyẹn ló bà á jẹ́. Ẹyẹ òkun ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ àpáta rẹ̀ báyìí, ariwo wọn kò sì jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ tó kan Màmá gan-an, ìyẹn ẹja yíyan, ló kù. Bí a ṣe padà dé Craster, òórùn ẹja ló pàdé wa. Ṣáwá ni wọ́n ń yan níbẹ̀, nínú ilé òkúta kan tó ti wà láti 1856. Wọ́n á la ẹja láti ẹ̀yìn, wọ́n á kó ìfun rẹ̀ dànù, wọ́n á rì í sínú omi iyọ̀, wọ́n á wá fi ìkọ́ gbé e kọ́ sókè. Kò sí pé à ń yí i lórí iná. Lẹ́búlẹ́bú igi óákù ló ń jó díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀, èéfín ló ń ṣiṣẹ́, ó sì lè tó wákàtí 16. Ògiri inú ilé náà dúdú kirikiri, ó ń dán. Láyé àtijọ́ obìnrin ló ń fi ọ̀bẹ la ẹja, ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Ẹja náà kì í gbẹ bíi ti Ẹ̀pẹ́, ó ń rọ̀, epo ara rẹ̀ ń yọ. Búrẹ́dì àti bọ́tà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ó dùn o, àmọ́ ata kò sí níbẹ̀ rárá.

Èbúté ibẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ìdílé Craster ló kọ́ ọ ní 1906 ní ìrántí ọmọ wọn tó kú sójú ogun ní Tibet. Láyé ìgbà náà, òkúta fífọ́ ni wọ́n máa ń kó gba ibẹ̀ lọ sí London, fún títì. A dé abúlé Low Newton náà, níbi tí àwọn ilé funfun kéékèèké to yí pápá kan ká, tí wọ́n kọjú sí òkun. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju odi lọ.

Jọ̀ọ́, bi Màmá fún mi: bí wọ́n bá rí ṣáwá tútù, ṣé wọ́n máa ń rì í sómi iyọ̀ kí wọ́n tó yan án, àbí iyọ̀ gbígbẹ ni? Mo fẹ́ dán an wò lẹ́yìnkùlé mi, bí àwọn aládùúgbò kò bá pe panápaná.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Fúnmi