Àjọkẹ́ mi, wo ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá rìn

Àjọkẹ́ mi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ òru yẹn ti dín díẹ̀? Mo ti ka ẹ́sè òyìnbó tó o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo kà á mo tún un kà, mo sì fẹ́ bá ẹ sọ òdodo ọ̀rọ̀ torí mi ò fẹ́ kó o lọ fi owó IELTS yẹn ṣòfò, ìdánwò òyìnbó tó o fẹ́ ṣe kó o lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní UK. Gírámà ẹ dáa, sípẹ́lì ẹ náà dáa. Ohun tó ń ba iṣẹ́ ẹ jẹ́ ni pé o lọ ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ nínú díṣọ́nárì, "plethora", "myriad", "ameliorate", o wá ń tò wọ́n síbi tí wọn ò ti mọ ara wọn rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó yẹ kó gbé ẹ dé ibi tó ò ń lọ, "make" àti "do", "take" àti "give" àti "have", àwọn yẹn gan-an lò ń ṣì lò.

Wo èyí tó o kọ: "The government should do more efforts and do a decision." Ẹni tó bá kà á á gbọ́ ohun tó o fẹ́ sọ, mi ò jiyàn, àmọ́ lójú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀ pé èdè yìí ò tíì mọ́ ẹ lẹ́nu. Òyìnbó kì í "do effort", "make an effort" ni. Kì í "do decision" náà, "make a decision" ni, tàbí "take a decision". Tó o bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọn ò ní rí àlàyé gidi kan ṣe fún ẹ, kò sófin gírámà tó sọ ọ́, bí àwọn baba wọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn tó fi kan àwọn náà.

Mo mọ ibi tó o ti mú un wá. "Ṣe" la ní. À ń ṣe iṣẹ́, à ń ṣe ìpinnu, à ń ṣe àṣìṣe, à ń ṣe ìgbéyàwó, "ṣe" kan náà ló ń ru gbogbo ẹ̀. Tó bá wá di òyìnbó, wọ́n á pín in: "do the work", "make a decision", "make a mistake", "get married". Kì í ṣe pé orí ẹ ò pé o, èdè tó o bá lẹ́nu màmá ẹ ló ń bá ẹ ronú, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ má rò pé òyìnbó nìkan ni nǹkan tiẹ̀ rí báyìí. Wo "pa" tiwa. À ń pa irọ́, à ń pa àlọ́, à ń pa òwe, à ń pa ariwo, à ń pa àṣẹ, à ń pa owó, à ń pa iná, kò sì sí èyí tó kan ikú nínú gbogbo ẹ̀. Òyìnbó á "tell a lie", á "tell a story", á "make noise", á "give an order", á "make money", á "turn off the light". Tí òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá bá sọ fún ẹ pé òun fẹ́ "ṣe owó" tàbí pé kó o yéé "ṣe àṣẹ" fún òun, o máa gbọ́ ohun tó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ara ẹ á sọ fún ẹ pé a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí "do effort" ṣe ń dún létí wọn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ẹ ní "pa irọ́" ní kíláàsì, o gbọ́ ọ títí ó fi di tìẹ ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé ti òyìnbó yìí, àgbà lo ti dà kó o tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ni ín, o ní láti fara balẹ̀ kọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ J. R. Firth, ọmọ Yorkshire ni, ó ti kọ́ni ní Lahore kó tó padà sí London, òun ni wọ́n fi jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ èdè ní SOAS, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀, lọ́dún 1944. Ní 1957 ọkùnrin yìí sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ó ní ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ń kó la fi ń mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Àwọn bàbá wa ní àgùntàn tó bá bájá rìn á jẹ ìgbẹ́, ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, èyí tó bá ti ń bá nǹkan burúkú rìn, ìwà ẹ̀ á ràn án. Mú "cause". O kọ pé "Good education causes happiness in the family." Mo fàlà sábẹ́ ẹ̀. Gírámà ẹ̀ ò ṣẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n àwọn tí "cause" máa ń bá rìn nìwọ̀nyí: "cause problems", "cause damage", "cause delay", "cause pain", "cause death". Òyìnbó tó bá ti rí "cause" ti ń retí ibi kó tó dé ìparí gbólóhùn, o wá gbé ayọ̀ lé e lọ́wọ́. Ayọ̀ fẹ́ràn "bring", "Good education brings happiness". "Provide" ní tiẹ̀, ọmọlúàbí ni, "provide help", "provide food", "provide care", "provide support". "Commit" ń bá ọ̀daràn rìn, "commit a crime", "commit murder", "commit a sin", kò sẹ́ni tó ń "commit" inúure.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ irú nǹkan báyìí? Kíkà ni wọ́n ń kà á, bí èèyàn ṣe ń ka owó. Ní Yunifásítì Birmingham, láti 1980, John Sinclair àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ilé ìtẹ̀wé Collins bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun táwọn èèyàn kọ àtohun tí wọ́n sọ sínú kọ̀ǹpútà, rẹpẹtẹ, ní 1987 wọ́n mú díṣọ́nárì jáde látinú ẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ èdè náà. Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á to gbogbo gbólóhùn tó ti jáde sórí ara wọn, ọ̀rọ̀ náà á wà láàárín gbùngbùn láti òkè délẹ̀, wọ́n á wá máa wo ẹni tó jókòó sí ọwọ́ òsì ẹ̀ àtẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ lo ti máa rí i pé àwọn kan náà ló ń padà wá ṣáá. Èèyàn rere ni ẹni tó ronú kan irú iṣẹ́ yẹn, torí ó gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìmẹ̀fò.

Èyí tó yẹ kó fi ẹ́ lọ́kàn balẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó gbé èdè náà ró ò pọ̀. Ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, Henry Kučera àti Nelson Francis kó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀ jọ látinú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1961, "the" nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7 nínú gbogbo 100. Àwọn Oxford tó ń ṣe díṣọ́nárì náà ka tiwọn, tó ju bílíọ̀nù kan lọ, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ 10 péré, "the", "be", "to", "of", "and", "a", "in", "that", "have" àti "I", ló kó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí wọ́n kà, ọ̀rọ̀ 100 sì kó ìdajì. Ìdajì o, Àjọkẹ́! Ọ̀rọ̀ tó o ti mọ̀ láti praimárì ni ìdajì ohun tó o máa kọ lọ́jọ́ ẹ̀kísámù, "plethora" ò sí lára wọn. Bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ara wọn ni iṣẹ́ wà.

Àwọn tíntìntín bíi "in", "on", "at" náà ńkọ́, àwọn ló máa ń tú àwọn ọmọ wa fó jù. "Ní" kan ṣoṣo tó wa, ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ní oṣù Júùnù, ní aago márùn-ún, òyìnbó á ní "on Monday", "in June", "at five o'clock". A tún máa ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan, ìdí nìyẹn tá a fi ń "discuss about", o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ́sè yẹn, "discuss" ò fẹ́ ẹnikẹ́ni láàárín òun àtohun tí wọ́n ń sọ, "discuss the problem", ó tán. "Emphasise on" náà, yọ "on" kúrò. "Depend" ní tiẹ̀ ò lè dá dúró láìsí "on". Òjò ńlá kì í ṣe "big rain", "heavy rain" ni, ìjì ni "strong wind", tíì tó ki náà sì jẹ́ "strong tea".

Ibi tó jẹ mí lógún jù nìyí, torí ẹ̀kísámù á kọjá lọ, àmọ́ inú wọ́ọ̀dù lo máa wà lójoojúmọ́. Àwa níbí máa ń lo oògùn, a sì gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sínú òyìnbó, "I am using drugs", gbogbo wa la gbọ́ra wa yé. Ní UK lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ní òun ń "use drugs", igbó àti kokéènì ni wọ́n máa gbọ́. "Take" ni oògùn ń bá rìn, "take your tablets", "Are you taking any medicine?" Tó o bá dúró ti màmá arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì, o wá bi í pé "Are you using drugs?", o ti bú u nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ire ló wà lọ́kàn ẹ. "She has put to bed" tiwa, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á ké Halelúyà tẹ̀ lé, lọ́dọ̀ wọn kéèyàn tẹ́ ọmọ síbùsùn kó sùn ni "put to bed", ẹni tó bímọ "has had a baby". Àwọn kọ́pà ló ń "pass out" lọ́dọ̀ wa, inú ẹbí á dùn, wọ́n á ya fọ́tò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pariwo fún ẹ ní wọ́ọ̀dù pé bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin "has passed out", sáré o, ó ti dákú. Nọ́ọ̀sì ló ń "give an injection", aláìsàn ló ń "have an injection", kì í "collect" ẹ̀. "Take blood", "dress a wound", "check the blood pressure", gbogbo ìwọ̀nyí ni kó o mọ̀ bó o ṣe mọ orúkọ àbúrò ẹ. Mi ò ní kó o ju òyìnbó ti Nàìjíríà nù, tó o bá délé bá wa sọ "put to bed" bó ṣe wù ẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀mí èèyàn bá wà lọ́wọ́ ẹ, gbólóhùn tí wọ́n mọ̀ ni kó o sọ fún wọn.

Ohun tó o máa ṣe rèé. Ra nóòtù kékeré tó máa wọ àpò yúnífọ́ọ̀mù ẹ. Má kọ "decision" nìkan síbẹ̀ mọ́, kọ "make a decision", "reach a decision", "a difficult decision". Ọ̀rọ̀ tó o bá ti fẹ́ kọ́, wá èyí tó ń ṣáájú ẹ̀, wá èyí tó ń tẹ̀ lé e, kọ gbogbo wọn pọ̀, kó o sì fi gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ ẹ parí ẹ̀. Lójúmọ́, mú ìròyìn BBC kékeré kan, kà á kó o gbọ́ ohun tó ń sọ, tún un kà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, kó o fa igi yí àwọn tó ń rìn pọ̀ ká. Ọ̀kan ti tó, má ka mẹ́wàá. Díṣọ́nárì tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹ ni èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ òyìnbó, èyí tó máa ń fi gbólóhùn hàn ẹ́. Àtìgbà tí Harold Palmer àti A. S. Hornby ń kọ́ àwọn ọmọ Japan ni irú iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, Palmer to àwọn ọ̀rọ̀ tó ń rìn pọ̀ jọ ní 1933, wọ́n tẹ díṣọ́nárì Hornby ní Tokyo ní 1942 kó tó di ti Oxford ní 1948, torí ohun tó ń dà ẹ́ láàmú yìí ló ń da àwọn ọmọ Japan náà láàmú. Fóònù ẹ náà máa ń mú ọ̀rọ̀ tó kàn wá tó o bá ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ má gbára lé e jù, ó lè ti kọ́ àṣìṣe lọ́wọ́ ẹ.

Máàkì IELTS tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ náà ò ga kọjá agbára ẹ. Àwọn NMC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ní UK ń béèrè 7 fún gbígbọ́, kíkà àti sísọ, 6.5 fún kíkọ. Wákàtí kan ni kíkọ, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń máàkì ẹ, ọ̀rọ̀ lílò jẹ́ ọ̀kan, ẹni tó bá sì fẹ́ 7 níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun mọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá ara wọn rìn. Wọn ò bi ẹ́ ní ọ̀rọ̀ tó gùn jù.

Sísọ ló kù, ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni. Lálẹ́ Sátidé, tó o bá ti sùn tó, pè mí, òyìnbó nìkan la máa sọ. Màá bi ẹ́ nípa iṣẹ́ ẹ, nípa àdúgbò tó ò ń gbé, nípa oúnjẹ tó o fẹ́ràn. Mi ò ní dá ẹ dúró tó o bá ṣì í sọ, màá máa kọ ọ́ sílẹ̀, tá a bá parí ká jọ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ẹ ń kí ẹ, ó ní kó o má máa febi ṣiṣẹ́ òru.

Èmi ni ìyá ẹ tó fẹ́ràn ẹ,
Màámi