Wọ́n Ń Jẹun Lẹ́bàá Títì ní Fukuoka

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsinmi. Ẹnìkan kọ lẹ́tà sí yín láìpẹ́ yìí pé kí ìjọba palẹ̀ gbogbo olóúnjẹ ẹ̀bá títì mọ́, pé kò sí ìlú tó lajú tí ọmọlúàbí ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì jẹun létí ọ̀nà. N kò mọ iye ìlú tí onítọ̀hún ti dé. Èmi tí mò ń kọ èyí, wolé-wolé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti da ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan nù lójú ẹni tó sè é, mo ti ti bùkà pa láìmọye ìgbà, mo sì ti gbé èèyàn dé kóòtù nítorí pé ó gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Kò sí olóúnjẹ tó máa pe èmi ní ọ̀rẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn sọ kì í ṣe òótọ́. Ìlú Fukuoka, ní ilẹ̀ Japan, ni màá fi dá a lóhùn, pàápàá ọjọ́ tí mo lò kẹ́yìn níbẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ló dáwó jọ pé kí n lọ najú lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ti rò pé Jerúsálẹ́mù ni màá dárúkọ. Mo ní Japan. Kò sẹ́ni tó ráyè tẹ̀ lé mi, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Fóònù tó ń túmọ̀ èdè ni alábàárìn mi. Mo fi Fukuoka ṣe ìparí nítorí pé pápákọ̀ òfurufú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín ìlú. Bí èèyàn bá wọ reluwé abẹ́ ilẹ̀ ní ibùdó Hakata láàárín ìlú, ibùdó kejì tó máa kàn ni. Ìyẹn ni pé èèyàn lè jẹun títí di òru kí ọkàn rẹ̀ má sì dàrú nítorí bàálù àárọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ojúbọ Kushida ni mo kọ́kọ́ lọ. Oṣù kọkànlá ni, ewé igi ginkgo ńlá tó wà níbẹ̀ ti ń di àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n gbé ọ̀kan lára àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ọdún Yamakasa kalẹ̀ nínú ọgbà, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, ère jagunjagun àti òdòdó ló kún ara rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje ni wọ́n ń ṣe ọdún yẹn. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, bó bá ti ku ìṣẹ́jú kan kí aago márùn-ún ìdájí lù, àwọn ọkùnrin á gbé irú rẹ̀ tó kéré jù ú lọ sí èjìká, wọ́n á máa sá eré káàkiri ìlú. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbé e kò gbọdọ̀ fẹnu kan kùkúḿbà títí ọdún á fi parí, torí pé bí wọ́n bá gé e, ojú rẹ̀ jọ àmì ojúbọ náà. Ẹja àrọ̀ ni èèwọ̀ nílé bàbá tèmi, nítorí náà èyí kò ṣàjèjì sí mi rárá.

Láti ibẹ̀ mo rìn lọ sí tẹ́ńpìlì Tochoji. Ère Búdà tí wọ́n fi igi gbẹ́ ló wà níbẹ̀, ó jókòó, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 10.8, ọdún 1992 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Lábẹ́ ère náà, wọ́n ya àwòrán ìyà ọ̀run àpáàdì sí ògiri, lẹ́yìn rẹ̀ ni èèyàn á wọ ọ̀nà tóóró kan tó ṣókùnkùn biribiri, tí a ó máa fi ọwọ́ táràrà títí a ó fi jáde síbi ìmọ́lẹ̀. Mo pe Jésù nínú òkùnkùn yẹn, ohùn mi sì lọ sókè. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín.

Jotenji kò jìnnà síbẹ̀. Òkúta kan wà nínú ọgbà rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣèrántí pé ibẹ̀ ni udon àti soba, ìyẹn núdùlù tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ ní Japan. Àlùfáà Enni ni wọ́n sọ pé ó mú ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi omi yí ọlọ ìyẹ̀fun dé láti China ní 1241. Udon gan-an ni mo sì jẹ lọ́sàn-án. Àwọn ará ìlú mìíràn máa ń fi udon Hakata ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti rọ̀ jù. Èmi tí eyín mi kò pé mọ́, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì mu omi rẹ̀. Ní ọ̀sán, mo yí adágún odò Ohori ká. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, àwọn oníjàkadì sumo méjì wọ reluwé, torí oṣù kọkànlá ni ìdíje náà máa ń wá sí Fukuoka lọ́dọọdún. Wọ́n di irun sókè, wọ́n wọ aṣọ òwú ìbílẹ̀ nínú òtútù yẹn, wọ́n sì kọ̀ láti jókòó kí wọ́n má bàa fún ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n.

Alẹ́ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Odò Naka ló pín ìlú náà sí méjì láyé àtijọ́: Hakata fún àwọn oníṣòwò, Fukuoka fún àwọn jagunjagun, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìlú kan ṣoṣo ní 1889. Etí odò yẹn, ní àdúgbò Nakasu, ni àwọn yatai máa ń tò sí. Yatai ni ìsọ̀ oúnjẹ onítáyà. Mo débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí bí wọ́n ṣe ń tò ó gan-an ni mo fẹ́ rí.

Ọkùnrin kan fa tirẹ̀ dé, pákó tí wọ́n ká pọ̀ lórí táyà. Ó gbé e sí ojú ibi tí wọ́n fún un. Ó ṣí apá kan, ó di tábìlì. Ó ṣí òmíràn, ó di òrùlé. Ó ta aṣọ yí i ká. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ìdérí irin pẹlẹbẹ kan lára ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, omi ẹ̀rọ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó so rọ́bà mọ́ ọn. Ó so rọ́bà kejì, èyí tí omi ìdọ̀tí máa gbà lọ sínú kòtò ìdọ̀tí ìlú. Ó fa iná. Rọ́bà kejì yẹn ni mo wò pẹ́ ju Búdà lọ.

Nígbà tí iná jó dáadáa, mo wọlé. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta sí méjì àbọ̀ lọ, òfin ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwa bíi mẹ́jọ ni a fún ara wa lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ́fíìsì dé wà lápá òsì mi, tọkọtaya àgbàlagbà kan tó wá láti Kumamoto wà lápá ọ̀tún. Ìyàwó ni ó fi ìka hàn mí ohun tó yẹ kí n jẹ. Wọ́n kọ iye owó gbogbo nǹkan síta, kò sí pé wọ́n ń wo ojú àlejò kí wọ́n tó dá owó lé e. Mo jẹ ẹyin adìyẹ tí wọ́n dín, tí wọ́n fi mentaiko sínú rẹ̀. Ẹyin ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata pa ni mentaiko. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Korea ni wọ́n ti rí i, Nakasu níbí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń tà á lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1949. Nínú gbogbo ohun tí mo jẹ ní Japan, òun nìkan ló mọ̀ pé ata wà láyé.

Ramen ló tẹ̀ lé e. Eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sè fún ọbẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sè é títí omi rẹ̀ á fi funfun bí ògì. Núdùlù rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n á sì bi ọ́ bó o ṣe fẹ́ kó le tó. Bí núdùlù bá tán tí ọbẹ̀ kù, wàá ní kaedama, wọ́n á ju òmíràn sínú abọ́ rẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin òsì mi pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ojú wolé-wolé kì í fẹ̀yìn tì. Mo ń wo èékánná ọkùnrin náà. Mo ń wo àkísà tó fi ń nu tábìlì, bóyá òun náà ló máa fi nu abọ́. Ó rí mi. Mo ní kí fóònù bá mi sọ fún un pé iṣẹ́ tí mo ṣe nílé ni kí n máa yẹ ìkòkò àwọn olóúnjẹ wò. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí pátákó tó fi ń gé ẹran padà kí n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mọ́. Mo bi í bóyá ó ní ẹja tútù tí wọn kò fi iná kàn, irú èyí tí wọ́n fẹ́ràn ní gbogbo Japan. Ó fi apá rẹ̀ méjèèjì ṣe àgbélébùú síwájú àyà: rárá o. Òfin yatai kò gbà á láàyè.

Ẹ̀yin olóòtú, òfin yìí ni kí ẹ bá mi gbé síwájú ẹni tó kọ̀wé sí yín. Lẹ́yìn ogun 1945, nígbà tí bọ́ǹbù ti jó ìlú náà, ni àwọn tí ogun sọ di aláìní bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ létí ọ̀nà. Ní àárín àwọn ọdún 1960, wọ́n lé ní 400. Ẹjọ́ wá pọ̀: òórùn, omi ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sílẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n dí, ọ̀mùtí tó ń tọ̀ síbi tí kò yẹ. Gbogbo ẹ̀sùn tí à ń fi kan àwọn olóúnjẹ wa nìyẹn, kò ku ọ̀kan. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn aláṣẹ ní kò sí ẹni tuntun mọ́. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ nìkan ló lè máa ṣe é, àfi tó bá fi lé ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé kí wọ́n máa kú tán díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń kú tán lóòótọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní 2013, lábẹ́ olórí ìlú wọn, Takashima Soichiro, ìlú náà ṣe òfin yatai, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Japan. Wọ́n jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé yatai jẹ́ ọrọ̀ ìlú, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá de ọwọ́ wọn: bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi mọ, ìgbà tó gbọ́dọ̀ dé àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ilẹ̀ tó gbọ́dọ̀ san, kí iye oúnjẹ hàn síta, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àṣẹ máa dáná fúnra rẹ̀. Àwọn kan ti ń fi orúkọ wọn yá ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Ìlú gba àyè wọn, wọ́n sì pe àwọn tuntun kí wọ́n wá díje fún un ní 2016. Nǹkan bí 100 ló wà báyìí.

N kò sọ pé ibẹ̀ ni Párádísè. Yatai kò ní ilé ìgbẹ́, ìyá arúgbó gbọ́dọ̀ rìn lọ sí ti gbogbo ènìyàn kó sì padà wá bá ọbẹ̀ tó ti tutù. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti ilé oúnjẹ gidi lọ díẹ̀. Bẹ́ǹṣì rẹ̀ kò ṣàánú ẹ̀yìn àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí tiwa ti wọ́. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́bàá títì ní Abẹ́òkúta níbí ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì. Abọ́ kan ló fi ń fọ gbogbo àwo títí omi á fi dì. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ìdérí, kò sì ṣàn lọ síbì kankan. Ó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì fún onírúurú èèyàn lójúmọ́, kò sì sí èyí tó mú ẹ̀rọ omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni katakata máa dé lọ́jọ́ kan, wọ́n á wó àtíbàbà rẹ̀, wọ́n á ní ìmọ́tótó ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti wà ní kọ̀rọ̀ òdìkejì títì pẹ̀lú abọ́ kan náà. Àrùn kò kúrò nílùú, ó kàn ṣí lọ sí kọ̀rọ̀ tí wolé-wolé kò ti ní rí i ni. Bí mo bá sì bá a níbẹ̀, òfin wo ni màá fi mú un, nígbà tí kò síbi tó ti lè rí omi ẹ̀rọ?

Kí ìjọba ìbílẹ̀ kan, èyíkéyìí, yan òpópónà kan tí ọkọ̀ kì í pọ̀ lálẹ́. Kí wọ́n fa omi débẹ̀, kí wọ́n ṣe gọ́tà tó ní ìdérí, kí wọ́n gbé iná wá, kí wọ́n fi ọ̀dà pín ilẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ń dáná sára ìsọ̀ rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ẹni tó bá rú òfin, kí wọ́n gba àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá ṣe é, èmi yóò wá bá wọn yẹ ìkòkò wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ mi ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ránṣẹ́ pè mí kí omi tó dé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.