Bọ̀dá, ẹ má tíì wó ilé Bàbá

Bọ̀dá mi, ọkùn o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo gbọ́ vóìsì nóòtì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí ilé Bàbá àgbà tó wà ní Kàbbà, pé ẹ fẹ́ wó o kẹ́ ẹ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó fèsì, ẹ gbọ́ ilé kan tí mo lọ wò ní Sátidé.

Ní Washington níbí, ládùúgbò Dupont Circle, Heurich House ni wọ́n ń pè é. Ará Jámánì kan, Christian Heurich, ló kọ́ ọ láàárín 1892 sí 1894. Òun náà àjèjì bíi tèmi ni, 1866 ló dé, ọtí bíà tó ń pọn ló sọ ọ́ di olówó, ẹ má sọ fún pásítọ̀, ọtí ọkà Ìyá àgbà náà kọ́ ló rán Bàbá wa níléèwé? Iná ti jó ilé iṣẹ́ ẹ̀ rí, ló bá ní ilé tóun máa gbé, iná ò ní lè jó o. Kọnkéré àti irin ló fi kọ́ ọ, wọ́n wá fi òkúta ràgàjì bo iwájú ẹ̀ bí ilé àwọn ará Yúróòpù àtijọ́, irú ẹ̀ ló wà lóge nígbà yẹn. Yàrá 31, ibi ìyáná 15, iṣẹ́ ọnà kún ara wọn, wọn ò sì dáná sí ìkankan rí. Nígbà tẹ́ni tó ń mú wa káàkiri kọjú síbòmíì mo fọwọ́ ra inú ọ̀kan, ọwọ́ mi ò dú. Lórí ilé gogoro ẹ̀, ó gbé ẹranko kan tó jọ ọmọọ́lé síbẹ̀, àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ gbà pé iná kì í jó o. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí àwa nìkan là ń so nǹkan mọ́ àtẹ́rígbà.

Ọmọ ọdún 102 ló kú, ní 1945. Ìyàwó ẹ̀ fi ilé náà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ìtàn ìlú, àmọ́ ní 2003 àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ dá fáńdéṣọ̀n sílẹ̀, wọ́n fowó rà á padà. Ilé iṣẹ́ ọtí tó ti ń rówó, wọ́n ti wó o tipẹ́.

Bọ̀dá, òrùlé ni iná ọyẹ́ yẹn jó nílé tiwa, ògiri ò ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú, níbi tí Màmá ń sá láfún sí. Ẹ bá mi pe káfíńtà kó wọn orí ilé, kẹ́ ẹ sọ iye páànù tó máa gbà, màá fowó ẹ̀ ránṣẹ́ tóṣù bá parí.