Lẹ́tà sí Bàbá Mi: Ohun tí Mò Ń Wá ní Ilé-Ìkàwé Nínú Òtútù

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ìyá ní ètè yín ti ń bó, ẹ sì kọ̀ láti fi òrí pa á. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi pa á.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń wá ní ilé-ìkàwé títí agogo mọ́kànlá alẹ́ nínú òtútù Birmingham, nígbà tí mo ní yàrá tí mò ń sanwó rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí n dáhùn tán.

Yàrá ọ̀hún gan-an ni ìdáhùn. Selly Oak, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì wa, ni ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, nínú àwọn ilé bíríkì àtijọ́ tó fara ti ara wọn, tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé. Gáàsì ló ń mú ilé wa gbóná, owó la sì ń kọ́kọ́ lọ́ọ̀dù sí mítà rẹ̀ ká tó lò ó, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe fún iná nílé. Nígbà òtútù ọdún 2022, owó gáàsì àti iná fò sókè débi pé, lẹ́yìn tí ìjọba ti dá sí i pàápàá, nǹkan bíi £2,500 lọ́dún ni wọ́n fojú bù fún ìdílé tí ìlò wọn ò pọ̀ jù, tí ò kéré jù. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lọ́dún náà pé kí ẹni tí ò lè tan híta nílé rẹ̀ máa bọ̀ wá yáná. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, Bàbá: yáná ni wọ́n ní kí wọ́n wá yá, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ìwé wo ló fẹ́ kà. Owó ọ̀hún ti wálẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì wálẹ̀ tó fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé káàdì mi lé ẹnu ọ̀nà ilé-ìkàwé yunifásítì láàárọ̀, tí mi ò sì ń jáde títí ilẹ̀ fi ń ṣú, títí di alẹ́ pátápátá.

Ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn ti wọ̀ kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Téèyàn bá kírun Àìlà tó jókòó ti ìwé, bó bá fi máa gbójú sókè, Làásárì ti ń lọ, Mọ̀gàríbì ti dé.

Ọdún 2016 ni wọ́n ṣí ilé-ìkàwé ńlá tí a ń lò báyìí. Wọ́n wó ti àtijọ́, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di pápá koríko. Tẹ́ ẹ bá wọ inú tuntun yìí lóṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá gbogbo máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó rò pé inú ọjà lẹ wọ̀. Ẹnìkan bọ́ bàtà, ó ká ẹsẹ̀ sórí àga. Òmíràn da kóòtù borí, ó ń sùn. Wọ́n ń jẹ ìpápánu, wọ́n ń du ihò iná tí wọ́n máa ki ṣájà bọ̀. Mo rántí yín ní ilé-ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní yunifásítì Ifẹ̀, bí ẹ ṣe ń fi ojú lásán lé ẹni tó bá ń jẹ gúgúrú jáde. Ẹ ó ní èyí kì í ṣe ilé-ìkàwé mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ọmọ tó sùn sórí ìwé, inú ilé ìwé ló ṣì sùn sí. Tó bá jí, ìwé ló máa kọ́kọ́ rí. Ká lé e padà sí yàrá tútù, fóònù ló máa tẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

(Àwọn yunifásítì kan níbí tiẹ̀ máa ń mú ajá wá lásìkò ìdánwò kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ pa á lórí kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin Alhaji fẹ́ sọ. Ẹ má sọ ọ́.)

Ibi tí ẹ̀yin máa fẹ́ ò jìnnà síbẹ̀. Cadbury Research Library ni wọ́n ń pè é, abẹ́ ilé gogoro kan ló wà. Ibẹ̀ ni lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) wà, títí kan èyí tí Àjàyí Crowther fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹ ó ti báàgì mọ́ àpótí, pẹ́ńsù nìkan lẹ lè fi kọ̀wé, omi pàápàá ò wọ ibẹ̀. Orí tìmùtìmù ni ìwé ń sùn.

Ooru ibi tí wọ́n ń kó ìwé náà sí kì í yí padà bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nídìí rẹ̀: bébà tó bá ń mu ọ̀rinrin lónìí tó ń gbẹ lọ́la á ká, á sì sán. Ẹ rántí bí ọyẹ́ ṣe ń bó gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìwé tí ẹ dì, tí a sì ń fi àkísà nu eruku láti orí pẹpẹ kan dé òmíràn. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí díẹ̀, pé lẹ́tà Crowther ò mọ ìgbà òtútù, ẹni tó wá kà á ló ń ṣírò owó mítà.

Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àyè sílẹ̀ fún mi níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún, nítorí wọ́n máa ń tì nígbà Kérésì. Ìwé Adolphus Mann ni mo fẹ́ béèrè, míṣọ́nnárì CMS ará Jámánì tó ń gbé Ìjàyè nígbà tí ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ẹ máa ń sọ pé bàbá ńlá wa wà lára àwọn tó sá láti Ìjàyè lọ sí Abẹ́òkúta kí Ìbàdàn tó kó Ìjàyè ní 1862. Ẹ bá mi pe Bàbá Àgbà ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n ka oríkì ilé wa látòkè délẹ̀, pẹ̀lú orúkọ agboolé tá a wà ní Ìjàyè àti orúkọ ẹni tó kó wọn jáde. Ẹ gbà á sílẹ̀ lórí WhatsApp. Kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kí n tó lọ o, torí wọn ò ní jẹ́ kí n gbé fóònù sétí nínú ibẹ̀.

Ọmọ yín ní Birmingham